Kọ̀ǹpútà Tó Gbọ́ Yorùbá ní Bertrams

Nínú ilé tí a gbé ní Bertrams, àdúgbò kan ní Johannesburg, kẹ́tùlù àti kọ̀ǹpútà àbúrò mi máa ń sáré ìje láràárọ̀. Àbúrò mi á tan kẹ́tùlù, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná, á ṣí ojú dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́, á sì káwọ́ gbera. Kẹ́tùlù ló máa ń borí. Omi á hó, a ó po tíì, èmi á ti mu tèmi dé ìdajì kí ojú dúdú yẹn tó ṣe tán láti gba àṣẹ.

"Ẹ má tíì dá a lóhùn, Àǹtí," ni àbúrò mi á wí. "Ó ṣì ń fọ ẹnu."

Mo ń pè é ní àbúrò mi, ṣùgbọ́n a ò bí wa pọ̀. Ọmọ Iléṣà ni, èmi ọmọ Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi dé Johannesburg. Ìwé ìròyìn kan nílé ni mò ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí, mo sì ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí òun tó dé ní nǹkan bí ọdún 2015, lásìkò tí wọ́n ń mú iná lọ lójoojúmọ́ bí ẹni pé a ò kúrò nílé rárá. Mo háyà ilé àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré Ellis Park, ó sì gba yàrá ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tó rí ní ọ́fíìsì kan ní Braamfontein ni kí ó máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń ránṣẹ́ sí aláìsàn pé ọjọ́ báyìí ni kí ẹ wá rí dókítà. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Èèyàn á kọ àṣẹ sí ojú dúdú kan ni, ètò tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀lì á gbọ́ àṣẹ náà, á sì jẹ́ ẹ. Mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá arúgbó. Ó ní:

"Ṣẹ́ẹ̀lì dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́ràn ṣùgbọ́n tí kì í ronú, Àǹtí. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe náà ló máa ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ kó gbọ́n sí i, ẹ máa so àfikún mọ́ ọn."

Àfikún yẹn ni ọ̀rọ̀ wa. Ètò kéékèèké ni wọ́n, tí èèyàn ń so mọ́ ṣẹ́ẹ̀lì. Òmíràn á kun ọ̀rọ̀ ní àwọ̀, òmíràn á gé àṣẹ gígùn kúrú, òmíràn á rán ọ létí ohun tí o kọ lánàá. Gbogbo wọn ló máa ń jí pọ̀ nígbà tí ojú dúdú bá ń ṣí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìdí nìyẹn tí ẹrù wọn fi ń wúwo bí wọ́n bá pọ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí nǹkan bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ wá.

Nígbà tí àbúrò mi dé, àwa Yorùbá tó wà nítòsí ṣe ohun tí a máa ń ṣe fún àlejò. Ẹnì kan gbé mátírẹ́ẹ̀sì wá, ẹlòmíràn gbé aṣọ ìbora, ìyàwó pásítọ̀ sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan tó nípọn wá. Òfin kan wà tó tẹ̀ lé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta: bí ẹni tó fún ọ ní ìkòkò bá wá kí ọ, inú ìkòkò rẹ̀ ni kó ti rí ọbẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ á dé, á ní òun fẹ́ mu omi, á gba ilé ìdáná kọjá, á rí ìkòkò rẹ̀ lórí sítóòfù, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí kọ̀ǹpútà ọmọ yìí.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà inú ìjọ wa máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, lónìí nílé ẹni yìí, lọ́jọ́ mìíràn nílé ẹni yẹn. Olórí wọn ni ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, wọ́n sì ń gbé nínú fúláàtì kan ní Braamfontein pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ọmọ méjì. Àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ́fíìsì yẹn ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn ló bá àbúrò mi tún ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ kọ, àwọn ló fi mọ́tò wọn gbé e lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nígbà tó rí iṣẹ́ náà, Ẹ̀gbọ́n gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n sì da gbogbo àfikún tó wà lórí tiwọn sórí tirẹ̀, bí ẹni ń di ẹrù fún ìyàwó tuntun.

"Mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín wọn," ni Ẹ̀gbọ́n wí fún un.

Àwọn tó kù náà kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́yìn. Ẹnì kan so èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná àdúgbò lọ mọ́ ọn. Òmíràn so ẹsẹ Sáàmù ojoojúmọ́. Arákùnrin kan tí ẹ̀fẹ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ so èyí tó ń ya màlúù kan tó ń sọ̀rọ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí màlúù náà wá ṣe. Láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ni ojú ọjọ́ ìlú wọn nílé ti wá, pé ṣé oòrùn ni àbí òjò. Ìlà kan péré tún wà, èyí tó máa ń kí èèyàn bí ojú dúdú bá ti ń ṣí: "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ṣùgbọ́n èyí tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ó jẹ́ kí èèyàn lè fi Yorùbá pàṣẹ fún ṣẹ́ẹ̀lì. Dípò àṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀, wàá kọ "wo", á sì kó ohun tó wà nínú fódà síwájú rẹ. Wàá kọ "gbe", á gbé fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Wàá kọ "wa", á wá ohun tó sọnù. Wọn ò fi àmì ohùn sí i, kí ó lè yá láti tẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ wọn ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣe é. Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí àwọn ọmọ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ fi ń dáhùn.

"Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń gbọ́ tèmi nínú ilé yìí," ni Ẹ̀gbọ́n máa ń wí. A ó rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.

Bí wọ́n bá wá sí Bertrams, bí wọ́n bá ti jókòó, wọ́n á ní, "Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá ká rí i." Wọ́n á ṣí ojú dúdú, wọ́n á dúró dè é, wọ́n á kọ "wo". Ó ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò wà lórí sítóòfù.

Oṣù mẹ́ta ni ọ́fíìsì yẹn fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Ní òpin rẹ̀, á jókòó níwájú èèyàn mẹ́ta, wọ́n á gbé iṣẹ́ kan fún un, wọ́n á sì máa wo bó ṣe ń ṣe é lórí ògiri, nítorí wọ́n á so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Tí wọn ò bá gbà á, iṣẹ́ ti lọ, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé ìlú náà á sì bá iṣẹ́ lọ, nítorí orí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n gbé e kà. Ilé ló kù. Ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ń tọ́jú ilé ìwòsàn ní South Africa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀, obìnrin Zulu kan tó fẹ́ràn rẹ̀, ní kí wọ́n ṣe ìdánrawò níwájú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ nínú tákísì ní ìsàlẹ̀ òpópó wa, kò wọlé. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

"Wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà mi sára ògiri, Àǹtí. Mo ṣí ojú dúdú. A dúró. 'Ẹ kú iṣẹ́ o' jáde. Sáàmù jáde. Màlúù jáde. Ojú ọjọ́ ìlú Ẹ̀gbọ́n jáde, ó ní òjò ń rọ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn bi mí bóyá ìròyìn aago méje ni mò ń kà. Ìgbà yẹn ni ṣẹ́ẹ̀lì wá béèrè ìbéèrè rẹ̀."

"Ìbéèrè wo?"

"Pé ṣé kí òun lọ mú ẹ̀dà tuntun àwọn àfikún wá. Ó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ dá a lóhùn pé 'bẹ́ẹ̀ kọ́' láéláé, pé ọ̀lẹ ló ń dáhùn pé 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Mo ní 'bẹ́ẹ̀ ni'."

"Níwájú gbogbo wọn?"

"Níwájú gbogbo wọn."

Àwọn àfikún kó ẹ̀dà tuntun dé lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti yí padà pátápátá, kò sì bá àwọn yòókù rẹ́ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ara wọn lórí. "Pupa, Àǹtí. Láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa." Ọ̀gá rẹ̀ wá ní, "Eish, sisi. Ṣé ilé ìjọsìn la wà ni, àbí ibi iṣẹ́?"

Wọ́n ní kó fi tirẹ̀ sílẹ̀, kó wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn kan lọ tààrà. Kò tíì wọ ibẹ̀ rí, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń dán wò fọwọ́ kan án; ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Kò sì sí àfikún kankan lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ihòòhò ni ṣẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wà.

"Mo kọ 'wo'. Ó ní òun ò mọ 'wo'. Mo tún un kọ."

"O tún un kọ kẹ̀?"

"Mo rò pé mo ṣì í kọ ni, Àǹtí! Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń fi Yorùbá pàṣẹ. Mo mọ èyí tí gbogbo ayé ń kọ, orí mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni ò rántí mọ́."

Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé n kì í gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kejì mo lọ pàdé àbúrò mi ní Braamfontein, mo sì bá ọ̀gá rẹ̀ pàdé níwájú ilé náà, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi.

"Àbúrò yín mọ iṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí a ó jọ jókòó kò mọ̀ ọ́n, ohun tó bá wà lára ògiri ni wọ́n máa rí. Ẹ sọ fún un kó gbé ọwọ́ rẹ̀ nìkan wá. Èmi ò lè bá a dáhùn níbẹ̀."

Nígbà tí a délé, mo ní kó pa gbogbo àfikún yẹn rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni àbúrò mi wí. "Wọ́n máa ṣí i wò."

"Kí wọ́n ṣí i wò. Ta ló fẹ́ pàdánù iṣẹ́, ìwọ ni àbí Ẹ̀gbọ́n?"

"Tí ìyàwó pásítọ̀ bá kan ilẹ̀kùn nísinsìnyí, Àǹtí, ìkòkò wo lẹ máa gbé kaná?"

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, tí mo sì sáré da ọbẹ̀ láti inú ìkòkò mi sínú tirẹ̀, tí epo fi ta sí mi láṣọ.

Ẹni tó wá iṣẹ́ fún un ló fún un ní ohun èlò iṣẹ́. Tó bá kó o dànù lẹ́yìn ẹni náà, àlejò tó jẹun tán tó fọ́ àwo ni. A kì í dá ẹ̀bùn padà. Ṣùgbọ́n a lè bẹ ẹni tó fún ni, ẹni tí ó sì dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ń rán níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a ra ọsàn àti máńgòrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́bàá róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀, a sì lọ sí fúláàtì Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ń bu ìrẹsì.

"Akọ̀ròyìn!" Ẹ̀gbọ́n pariwo. "Kí ni mo ṣe tí ẹ fi ká mi mọ́lé?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ la gbé wá. Àbúrò yín ní kí n bá òun bẹ̀ yín."

Àbúrò mi ti wà lórí eékún.

"Kí ló ṣe?"

"Kò tíì ṣe é. Ó fẹ́ ṣe é ni."

Ẹ̀gbọ́n wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n ní kó dìde kó jókòó. Mo ro ẹjọ́ náà láti orí màlúù dé orí ògiri pupa. Mo fi ọ̀rọ̀ "wo" sí ẹ̀yìn, mo sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyàwó wọn gbé ìrẹsì kalẹ̀, kò padà sí ilé ìdáná mọ́.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ohun tí mo retí. "Nígbà tí o kọ 'wo', ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Rárá, sà. Ọ̀gá mi bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀."

"O sọ fún un?"

"Mo sọ fún un. Ó ní 'buka' ni àwọn ń pè é ní Zulu."

"Buka," Ẹ̀gbọ́n wí. Wọ́n tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ọmọ wọn àgbà gbé kọ̀ǹpútà àwọn wá.

"Which one, Daddy?" ni ọmọ náà wí.

"Tèmi," Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Bí ti àbúrò mi bá ń pẹ́ kó tó ṣí, ti Ẹ̀gbọ́n ń sùn ni. A jẹun. A sọ̀rọ̀ nípa ìwàásù àárọ̀. Nígbà tí ojú dúdú ṣí tán, Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Èmi náà ti ń fara dà á. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ yọ nínú wọn." Wọ́n ṣí fáìlì tí wọ́n to gbogbo àfikún náà sí, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi fa àga sún mọ́ wọn. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo wá ń béèrè ohun tí akọ̀ròyìn máa ń béèrè: "Èyí ńkọ́, ta ló fún yín?"

Wọ́n rántí gbogbo wọn. Èyí wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ọ̀ṣogbo kan tó ti kó lọ sí Kánádà. Èyí, akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tó gboyè. Wọ́n wá dé orí ọ̀kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àṣẹ, á fi àwọ̀ eérú parí rẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí ó rántí ohun tí èèyàn máa ń kọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ gbé yàrá kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí ló so ó mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ náà ti kú, ilé ni wọ́n gbé e lọ sin.

"Nígbà mìíràn, tí mo bá ń kọ̀wé, á dà bí pé ó dúró lẹ́yìn mi," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "tó ń sọ pé, ohun tí o fẹ́ sọ náà nìyí, àbí?"

"Èyí ò wúwo, sà," ni àbúrò mi yára dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó wà."

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo bi í bóyá òótọ́ ni. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ká tiẹ̀ ní kì í ṣe òótọ́ ńkọ́, Àǹtí?"

Èyí tó wúwo jù ni ojú ọjọ́. Àbúrò mi fi hàn wọ́n: kí ojú dúdú tó ṣí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lọ béèrè bí ìlú Ẹ̀gbọ́n ṣe rí, kó sì dúró gba èsì. Nígbà tí iná bá lọ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, dídúró náà ni.

Ẹ̀gbọ́n fa irùngbọ̀n wọn. "Màmá mi ni mo ń tìtorí wọn ṣe é. Mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá òjò rọ̀ kí n tó pè wọ́n. Òjò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, sà," ni àbúrò mi wí.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pè wọ́n, Dádì. Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí ká gbọ́." Ojú dúdú wà níwájú wa, ó ní òjò ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n pe ìyá wọn, wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Lẹ́yìn tí a kí wọn tán, Ẹ̀gbọ́n ní, "Màmá, òjò yín yìí ti pọ̀ o."

"Òjò wo?" ni ìyá náà dáhùn. "Ta ló purọ́ òjò fún ọ? Eruku ló ń bò wá níbí! Àgbàdo mi ti gbẹ, mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún láti ọjọ́ yìí, o ò pè mí!"

Ìlú wọn kéré, ni àbúrò mi ṣàlàyé lẹ́yìn náà; ojú ọjọ́ ìlú ńlá kan tó jìnnà díẹ̀ ni àfikún náà ti ń mú wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ àlàyé yẹn dáadáa. Wọ́n ti gbé fóònù lọ sẹ́nu fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ nípa àgbàdo.

Nígbà tí wọ́n padà, ojú wọn ti yàtọ̀. "Yọ ọ́," wọ́n ní.

"N kò ní yọ ọ́, sà. Ẹ wò ó." Àbúrò mi fi àmì kan síwájú ìlà náà, àmì tó dà bí igi mẹ́rin tí wọ́n gbé dábùú ara wọn. "Ìlà tí èyí bá wà níwájú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀lì á rí i, kò ní kà á. Kò pa rẹ́. Ó kàn ń sinmi."

"Bí àgbàlagbà tí wọn ò pè sí ìpàdé mọ́," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni gbogbo wa ké.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ láti ìlà dé ìlà. Màlúù lọ sinmi, kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹsẹ Sáàmù, wọ́n ní inú Bíbélì ló ti wá, á sì padà síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n parí tiwọn, àbúrò mi gbé tirẹ̀ wá, ó ń fi àmì síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, títí tó fi dé orí àwọn àṣẹ Yorùbá. Ó dá ọwọ́ dúró. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ara wọn. Àwọn fúnra wọn ló tẹ àmì náà síwájú ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. "Lọ gba iṣẹ́ rẹ," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kù, ilé ìdáná wa di ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò mi ń kọ àwọn àṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ní kíkún, lẹ́tà lẹ́tà, ó ń pè wọ́n jáde lẹ́nu bí ọmọ tó ń kọ́ ABD. Ojú dúdú ń ṣí kí n tó fi omi sínú kẹ́tùlù. "Ẹ kú iṣẹ́ o" nìkan ló fi sílẹ̀. Ó ní ìlà kan péré ni, kò wúwo, pé òun nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, ó dáa kí ẹnì kan máa kí òun.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Èyí ni bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, nínú tákísì, ariwo orin awakọ̀ sì ń bá a dije:

"Wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn kan kò lọ mọ́ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, kí n wá ìdí rẹ̀. Mo wọlé síbẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sórí w, Àǹtí. Mo rí i lára ògiri, w kan ṣoṣo. Mo pa á. Mo mí. Mo kọ èyí tó yẹ. Mo ń wá a lọ títí mo fi rí i pé ààyè ìkósí ti kún. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nípa ara rẹ̀ ló ti gba gbogbo ibẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ò ríbi jókòó sí. Mo kó àwọn tó ti pẹ́ kúrò. Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó ní 'Shap', pé ó dáa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ fún un pé wọ́n gbà á. Ó kọ́kọ́ pe Iléṣà, ó pe Ẹ̀gbọ́n, kó tó wá kan èmi tí mo wà nínú yàrá kejì.

Ẹ̀gbọ́n ò wá sí Bertrams fún sáà kan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Mo rò pé wọn ò fẹ́ dé kí wọ́n má rí ìkòkò wọn lórí sítóòfù ni. Sátidé kan, wọ́n yọ lójijì, wọ́n jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Wọn ò béèrè kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi ló gbé e wá síwájú wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú dúdú ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

"Oo," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

"Ẹ pàṣẹ fún un, sà."

Wọ́n wo ojú rẹ̀. Wọ́n kọ "wo". Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà síwájú wọn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tún kọ ìlà kan sí i, àṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Àbúrò mi ti ṣí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó ti tún un ṣe: ó ń sùn títí èèyàn fi pè é, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́, bó bá sì ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an ní Yorùbá, á sọ orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà lóde, kí ọwọ́ má baà gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n kọ "wa". Wọ́n kọ "gbe". Wọ́n ń ka ìlà ìsàlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá wọ́n fẹ̀yìn ti àga.

"Mo sọ Yorùbá sí i," wọ́n ní, "ó sì ń dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti di ọmọ ilé mi."

Ẹ̀rín yẹn, àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ dákẹ́ nínú rẹ̀. A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí omi hó.